Ìṣọ́ lórí ímeèlì àti ìlò íntánẹ́ẹ̀tì ní ibi iṣẹ́

Ìṣọ́ lórí ímeèlì àti ìlò íntánẹ́ẹ̀tì ní ibi iṣẹ́ ni gbogbo ọ̀nà tí agbanisíṣẹ́ ń gbà mọ ohun tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ ń kọ, ohun tí ó ń kà, ibùdó tí ó ń wọ̀ àti àkókò tí ó ń lò lórí kọ̀ǹpútà, fóònù tàbí ìsopọ̀ íntánẹ́ẹ̀tì tí ilé-iṣẹ́ pèsè. Ẹ̀tọ́ méjì ni ó pàdé nínú ọ̀rọ̀ yìí. Èkíní ni ẹ̀tọ́ agbanisíṣẹ́ láti dáàbò bo dúkìá, owó, àṣírí iṣẹ́ àti orúkọ rere ilé-iṣẹ́ rẹ̀. Èkejì ni ẹ̀tọ́ òṣìṣẹ́ sí ìgbé-ayé ìkọ̀kọ̀, èyí tí Ìwé Òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999 fi dá àwọn ọmọ orílẹ̀-èdè náà lójú.

Ní Nàìjíríà, kò sí òfin kan tí a ṣe fún ìṣọ́ ní ibi iṣẹ́ nìkan. Ìwé òfin, Òfin Ààbò Ìwífún Ara Ẹni ti ọdún 2023, Òfin Ìwà Ọ̀daràn Orí Íntánẹ́ẹ̀tì ti ọdún 2015 àti àdéhùn iṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ fọwọ́ sí ni a ní láti kó pọ̀ kí a tó lè mọ ibi tí ẹ̀tọ́ ọ̀kan parí sí àti ibi tí ti èkejì ti bẹ̀rẹ̀.

## Ìtumọ̀

Ìṣọ́ yàtọ̀ sí ìwádìí. Ìwádìí máa ń wáyé nígbà tí ohun kan bá ti ṣẹlẹ̀: owó sọnù, ìwé àṣírí jáde síta, tàbí òṣìṣẹ́ kan fi ẹ̀sùn kan ẹlòmíràn. Nígbà náà ni agbanisíṣẹ́ yóò ṣí àpótí ímeèlì ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn láti wá ẹ̀rí. Ìṣọ́ kì í dúró de ìṣẹ̀lẹ̀. Ojoojúmọ́ ni ẹ̀rọ ń kọ nǹkan sílẹ̀, yálà ẹnì kan ṣẹ̀ tàbí kò ṣẹ̀.

Ó tún yẹ kí a ya oríṣi ìwífún méjì sọ́tọ̀. Ọ̀kan ni ọ̀rọ̀ inú ìránṣẹ́ gan-an. Èkejì ni ohun tí a lè fi wé ẹ̀yìn àpò lẹ́tà: ẹni tó kọ ọ́, ẹni tí a kọ ọ́ sí, ọjọ́ àti wákàtí tí ó lọ, àti bí ó ti tóbi tó. Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé ọ̀rọ̀ inú nìkan ni àṣírí, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn àpò lẹ́tà náà ń sọ̀rọ̀. Òṣìṣẹ́ tí ó kọ ímeèlì mẹ́ta láàárín ọ̀sẹ̀ kan sí ilé ìwòsàn tí a ti ń tọ́jú àrùn jẹjẹrẹ ti sọ nǹkan nípa ara rẹ̀ fún ẹni tó rí àkọsílẹ̀ náà, bí onítọ̀hún kò tilẹ̀ ka gbólóhùn kan nínú wọn.

## Ìtàn

Ìbéèrè nípa ẹni tó ni ọ̀rọ̀ tí ó gba ọwọ́ ẹlòmíràn kọjá kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Kí ìwé kíkọ tó gbilẹ̀ ní ilẹ̀ Yorùbá, àrokò ni àwọn ènìyàn fi ń ránṣẹ́ síra wọn láti ìlú dé ìlú. Owó ẹyọ, ìyẹ́ àti àwọn nǹkan mìíràn ni a máa ń dì pọ̀, ẹni tí a rán sì lè gbé e dé ibi tí ó ń lọ láìmọ ìtumọ̀ rẹ̀. Gbígbé ni iṣẹ́ tirẹ̀. Ìtumọ̀ wà láàárín ẹni tó fi ránṣẹ́ àti ẹni tí a fi í ránṣẹ́ sí.

Ní àkókò ìjọba amúnisìn, ilé ìfìwéránṣẹ́ àti wáyà bẹ̀rẹ̀ sí gba iṣẹ́ àrokò ṣe. Èdè àkókò náà ṣì hàn nínú ìwé òfin ọdún 1999, tí ó dárúkọ lẹ́tà, tẹlifóònù àti wáyà láìdárúkọ ímeèlì. Ray Tomlinson ni ó kọ́kọ́ fi ímeèlì ránṣẹ́ láti inú kọ̀ǹpútà kan sí òmíràn lórí ìsopọ̀ ARPANET ní Amẹ́ríkà, ní ọdún 1971. Ní Nàìjíríà, ẹ̀yìn ọdún 1995 ni íntánẹ́ẹ̀tì bẹ̀rẹ̀ sí wọ ọ́fíìsì díẹ̀díẹ̀, fóònù alágbèéká GSM sì dé ní ọdún 2001.

Ìsémọ́lé àrùn Kòrónà, tí ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Èkó, Ògùn àti Àbújá ní ọjọ́ 30 oṣù Ẹrẹ́nà ọdún 2020, sọ ilé ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ di ọ́fíìsì. Láti ìgbà náà, kọ̀ǹpútà tí a ń ṣọ́ lè wà lórí tábìlì oúnjẹ, nínú yàrá tí ọmọ ti ń sùn.

## Bí ìṣọ́ ṣe ń ṣiṣẹ́

Ohun tí agbanisíṣẹ́ lè rí dá lórí ẹni tó ni nǹkan mẹ́ta: àpótí ímeèlì, ìsopọ̀ íntánẹ́ẹ̀tì, àti ẹ̀rọ.

### Àpótí ímeèlì

Ohun tó wà lẹ́yìn àmì @ nínú àdírẹ́sì ni ó ń fi ẹni tó ni àpótí hàn. Ní ìlú Ìwó, ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, fún àpẹẹrẹ, àdírẹ́sì tí ó parí sí bowen.edu.ng jẹ́ ti Yunifásítì Bowen, ilé-ẹ̀kọ́ tí Ìjọ Onítẹ̀bọmi ti Nàìjíríà dá sílẹ̀ ní ọdún 2001. Èyí tí ó parí sí gov.ng jẹ́ ti ìjọba. Èyí tí ó parí sí gmail.com jẹ́ ti ẹni tó ṣí i, kì í ṣe ti ọ́fíìsì rẹ̀.

Níbikíbi ní àgbáyé, ẹni tó ń bójú tó ètò ímeèlì ọ́fíìsì ní agbára láti ṣí àpótí òṣìṣẹ́, láti darí ẹ̀dà ìránṣẹ́ sí ibòmíràn, àti láti dá ìránṣẹ́ tí a ti pa rẹ́ padà láàárín ìgbà díẹ̀. Pé ẹ̀rọ ní irú agbára bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ẹ̀rí pé ilé-iṣẹ́ kan ń lò ó, kì í sì í ṣe àṣẹ láti lò ó.

### Ìsopọ̀ íntánẹ́ẹ̀tì

Bí òṣìṣẹ́ bá so fóònù ara rẹ̀ mọ́ Wi-Fi ọ́fíìsì, ẹni tó ń bójú tó ìsopọ̀ náà sábà máa ń lè rí orúkọ ibùdó tí ó wọ̀, wákàtí tí ó wọ̀ ọ́ àti bí dátà tí ó lò ti pọ̀ tó. Bí àdírẹ́sì ibùdó náà bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú https, kò lè rí ọ̀rọ̀ tí òṣìṣẹ́ tẹ̀ síbẹ̀ tàbí ohun tí ó kà níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni WhatsApp rí. A ti di ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ láti orí ẹ̀rọ ẹni tó fi ránṣẹ́ títí dé orí ẹ̀rọ ẹni tó gbà á, nítorí náà Wi-Fi ọ́fíìsì lè mọ̀ pé ẹnì kan ń lo WhatsApp láìmọ ohun tí ó ń sọ.

### Ẹ̀rọ

Orí ẹ̀rọ tí ọ́fíìsì fúnni ni ọ̀rọ̀ ti yí padà. Ilé-iṣẹ́ lè fi ètò sínú kọ̀ǹpútà tí yóò máa ya àwòrán ojú rẹ̀ ní ìṣẹ́jú mélòó kan síra, tí yóò máa kọ gbogbo lẹ́tà tí ìka tẹ̀ sílẹ̀, tàbí tí yóò máa ka iye ìṣẹ́jú tí ọwọ́ kò fi kan ẹ̀rọ. Ó tún lè ṣètò kọ̀ǹpútà náà kí ohun tí https dì kọ́kọ́ tú sílẹ̀ lọ́dọ̀ ilé-iṣẹ́ kí ó tó kọjá. WhatsApp tí a bá ṣí lórí irú kọ̀ǹpútà bẹ́ẹ̀ kò ní ààbò lọ́wọ́ ètò tó ń ya àwòrán, nítorí pé ìránṣẹ́ ti tú sílẹ̀ kí ojú tó lè kà á.

## Ìdí tí agbanisíṣẹ́ fi ń ṣọ́

Ìdí àkọ́kọ́ ni ààbò. Ímeèlì ayédèrú jẹ́ ọ̀kan lára àwọn ọ̀nà tí àwọn oníjìbìtì ń gbà wọ ilé-iṣẹ́: òṣìṣẹ́ kan tẹ líǹkì kan, ọ̀rọ̀ ìwọlé rẹ̀ sì bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn. Ètò tó ń yẹ ímeèlì wò kí ó tó wọlé lè dá irú rẹ̀ dúró.

Ìdí kejì ni àṣírí àwọn ẹlòmíràn. Báńkì, ilé ìwòsàn àti ilé-ẹ̀kọ́ ní ìwífún oníbàárà, aláìsàn àti akẹ́kọ̀ọ́ lọ́wọ́. Òfin ọdún 2023 pa á láṣẹ fún wọn láti tọ́jú rẹ̀, bí ìwífún náà bá sì bọ́ sọ́wọ́ ẹni tí kò tọ́ lọ́nà tí ó lè pa ẹ̀tọ́ àwọn ènìyàn lára, wọ́n ní láti fi tó àjọ tí ọ̀rọ̀ kàn létí láàárín wákàtí 72 tí wọ́n bá ti mọ̀. Agbanisíṣẹ́ tí kò mọ ohunkóhun nípa ohun tó ń jáde láti inú ẹ̀rọ rẹ̀ kò lè mú àṣẹ yìí ṣẹ. Òfin kan náà tí ó dáàbò bo òṣìṣẹ́ ni ó ń ti agbanisíṣẹ́ láti máa ṣọ́ra.

Ìdí kẹta ni ìwà àti àkókò. Òṣìṣẹ́ lè fi ímeèlì ọ́fíìsì bú ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tàbí kí ó fi fìtínà obìnrin tó wà lábẹ́ rẹ̀, ẹni tí a ṣẹ̀ sì lè pe ilé-iṣẹ́ lẹ́jọ́. Ní ti àkókò, agbanisíṣẹ́ a máa sọ pé owó iṣẹ́ ni òun ń san. Ìdí ìkẹyìn yìí ni àríyànjiyàn pọ̀ lórí rẹ̀ jù, nítorí pé a lè mọ̀ bóyá iṣẹ́ parí láìmọ ohun tí òṣìṣẹ́ ń bá ẹbí rẹ̀ sọ.

## Ohun tí òṣìṣẹ́ lè pàdánù

Iṣẹ́ fúnra rẹ̀ ni ohun àkọ́kọ́ tí òṣìṣẹ́ lè pàdánù, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun nìkan. Ìránṣẹ́ tí a kò kọ sí agbanisíṣẹ́ lè fi hàn án pé obìnrin kan ti lóyún kí òun fúnra rẹ̀ tó kéde, pé ọkùnrin kan ń gba ìtọ́jú àìsàn tí kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀, tàbí pé òṣìṣẹ́ kan ń wá iṣẹ́ síbòmíràn. Ọ̀gá tó ti ka irú nǹkan bẹ́ẹ̀ kò lè ṣe bí ẹni tí kò kà á, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ìdí mìíràn ni ó fi ṣí àpótí náà.

Ewu wà fún ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ pẹ̀lú. Abala 40 ìwé òfin fún olúkúlùkù ní ẹ̀tọ́ láti dara pọ̀ mọ́ ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́. Bí àwọn adarí ẹgbẹ́ bá ń fi ímeèlì ọ́fíìsì jíròrò lórí owó-oṣù tí wọn yóò béèrè, tí ẹni tí wọn yóò jókòó dúnàádúrà pẹ̀lú sì ń kà á, ìdúnàádúrà náà ti parí kí ó tó bẹ̀rẹ̀. Bákan náà ni ẹni tó fẹ́ tú àṣírí ìwà ìbàjẹ́ inú ilé-iṣẹ́ yóò dákẹ́ bí ó bá mọ̀ pé ẹni tí òun fẹ́ fi sùn ni yóò kọ́kọ́ ka ìwé ẹ̀sùn náà.

## Òfin ní Nàìjíríà

### Ìwé òfin

Abala 37 Ìwé Òfin ọdún 1999 dáàbò bo àṣírí ọmọ orílẹ̀-èdè, ilé rẹ̀, lẹ́tà rẹ̀, ọ̀rọ̀ tí ó bá ẹlòmíràn sọ lórí tẹlifóònù àti ìránṣẹ́ rẹ̀ lórí wáyà. Abala náà kò sọ pé ẹ̀tọ́ yìí dópin ní ẹnu ọ̀nà ọ́fíìsì. Ṣùgbọ́n ẹ̀tọ́ náà ní ààlà: abala 45 gbà kí òfin tí ó bá mọ́gbọ́n wá dín in kù nítorí ààbò ìlú, ìlera gbogbogbòò, tàbí láti dáàbò bo ẹ̀tọ́ àwọn ẹlòmíràn.

### Òfin Ààbò Ìwífún Ara Ẹni

Àjọ NITDA ni ó kọ́kọ́ gbé ìlànà lórí ààbò ìwífún jáde ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún 2019. Ní ọjọ́ 12 oṣù Òkúdu ọdún 2023, Ààrẹ Bọ́lá Ahmed Tinúbú fọwọ́ sí Òfin Ààbò Ìwífún Ara Ẹni ti Nàìjíríà, èyí tó dá àjọ NDPC sílẹ̀ láti máa mú un ṣẹ. Lójú òfin yìí, agbanisíṣẹ́ tó ń kó àkọsílẹ̀ jọ nípa òṣìṣẹ́ jẹ́ alákòóso ìwífún, ojúṣe sì wà lọ́rùn rẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ ní ìdí pàtó tó bófin mu, kí ó jẹ́ kí òṣìṣẹ́ mọ̀, kí ó má kó ju ohun tí ìdí náà béèrè lọ, kí ó má fi í pamọ́ pẹ́ ju bí ó ti yẹ lọ, kí ó sì dáàbò bò ó.

Òṣìṣẹ́ náà ní ẹ̀tọ́ láti béèrè ohun tí a kọ sílẹ̀ nípa rẹ̀, láti ní kí a tún àṣìṣe inú rẹ̀ ṣe, àti láti fi ẹjọ́ sun NDPC. Abala 37 òfin náà tún sọ pé, àfi ní àwọn ipò kan, a kò gbọdọ̀ fi ìpinnu tí ẹ̀rọ nìkan ṣe, tí ó sì lágbára lórí ìgbésí-ayé ènìyàn, de onítọ̀hún. Èyí kan ètò tó ń ka ìṣẹ́jú iṣẹ́, tó sì ń dá pinnu ẹni tí a ó lé.

### Òfin Ìwà Ọ̀daràn Orí Íntánẹ́ẹ̀tì

Abala 12 òfin ọdún 2015 sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀ láti mọ̀ọ́mọ̀ já ìránṣẹ́ tí kì í ṣe ti gbogbogbòò gbà lójú ọ̀nà láìgba àṣẹ. Ìjìyà rẹ̀ lè jẹ́ ẹ̀wọ̀n tí kò ju ọdún 2 lọ, owó ìtanràn tí kò ju ₦5,000,000 lọ, tàbí méjèèjì. Ọ̀rọ̀ tó ṣe pàtàkì níbẹ̀ ni àṣẹ, ìdí sì nìyí tí ohun tí òṣìṣẹ́ fọwọ́ sí fi ń ṣe kókó. Láti ìhà kejì, abala 31 òfin kan náà pa á láṣẹ fún òṣìṣẹ́ tó ń fi iṣẹ́ sílẹ̀ láti dá gbogbo ọ̀rọ̀ ìwọlé àti àǹfààní ìwọlé padà fún agbanisíṣẹ́ lójú ẹsẹ̀.

### Ilé ẹjọ́ àti ẹ̀rí

Láti ìgbà tí a ti ṣe àtúnṣe kẹta sí ìwé òfin ní ọdún 2010, Ilé Ẹjọ́ Orílẹ̀-èdè tó ń gbọ́ ẹjọ́ òṣìṣẹ́ ni ó ní àṣẹ lórí ẹjọ́ láàárín agbanisíṣẹ́ àti òṣìṣẹ́, títí kan ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn bí ó bá jẹ mọ́ iṣẹ́. Abala 84 Òfin Ẹ̀rí ọdún 2011 sọ bí a ṣe lè mú ìwé tó jáde láti inú kọ̀ǹpútà wá síwájú adájọ́. Abala 14 rẹ̀ sì ní ohun kan tí òṣìṣẹ́ kò gbọdọ̀ gbójú fò: ẹ̀rí tí a rí gbà lọ́nà tí kò tọ́ kò di asán nítorí bẹ́ẹ̀ nìkan. Adájọ́ lè gbà á, àfi bí ó bá rí i pé ìpalára gbígbà á ju àǹfààní rẹ̀ lọ. Nítorí náà, ó ṣeé ṣe kí agbanisíṣẹ́ ti rú òfin kí ó tó rí ímeèlì kan, síbẹ̀ kí ímeèlì náà ta ko òṣìṣẹ́ ní kóòtù.

## Ọ̀rọ̀ ìyọ̀ǹda

Ọ̀pọ̀ agbanisíṣẹ́ gbà pé ìbuwọ́lù òṣìṣẹ́ lórí ìwé ìgbanisíṣẹ́ ti tó. Òfin ọdún 2023 kò fi ọ̀rọ̀ náà mọ bẹ́ẹ̀. Ìyọ̀ǹda gbọ́dọ̀ ti ọkàn wá, kí ó dá lórí ohun pàtó, kí ẹni tó ń yọ̀ǹda mọ ohun tí ó ń yọ̀ǹda fún. Dídákẹ́ kì í ṣe ìyọ̀ǹda. Ọrùn agbanisíṣẹ́ ni ẹrù ẹ̀rí wà, òṣìṣẹ́ sì lè gba ìyọ̀ǹda rẹ̀ padà. Bí a bá so àdéhùn mọ́ ìyọ̀ǹda fún ohun tí àdéhùn náà kò nílò, a ó gbé ìyẹn yẹ̀ wò nígbà tí a bá ń wádìí bóyá ìyọ̀ǹda náà ti ọkàn wá.

Ẹni tí ó ti ń wá iṣẹ́ láti ìgbà tí ó ti sin ilẹ̀ baba rẹ̀ tán kò sí ní ipò tí yóò fi kọ ojú-ewé kan nínú ìwé ìgbanisíṣẹ́ tí yóò sì gba ìyókù. Nítorí èyí, agbanisíṣẹ́ tó fẹ́ ṣọ́ ẹ̀rọ rẹ̀ lọ́nà tó fẹsẹ̀ múlẹ̀ sàn ju kí ó gbára lé ìbuwọ́lù nìkan. Ó lè tọ́ka sí ìdí mìíràn tí òfin gbà, bí àṣẹ òfin tàbí ire tó tọ́ ti ilé-iṣẹ́. Ire yẹn pẹ̀lú kò gbọdọ̀ borí ẹ̀tọ́ òṣìṣẹ́.

## Fóònù ara ẹni

Àwọn òfin òkè òkun sábà máa ń gbà pé ẹ̀rọ jẹ́ ti ilé-iṣẹ́. Ní Nàìjíríà, ọ̀rọ̀ sábà máa ń rí ní òdìkejì. Ní ọ̀pọ̀ ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀, ilé-ẹ̀kọ́ àti ilé-iṣẹ́ kéékèèké, fóònù òṣìṣẹ́, dátà tí ó fi owó ara rẹ̀ rà àti àpótí Gmail tirẹ̀ ni a fi ń ṣe iṣẹ́, orí WhatsApp sì ni ọ̀gá ti ń pàṣẹ. Níbẹ̀, ìṣọ́ kì í gba inú ẹ̀rọ kọjá; ọ̀gá lè na ọwọ́ kí ó ní kí òṣìṣẹ́ gbé fóònù wá.

Pé iṣẹ́ ọ́fíìsì wà lórí fóònù kò sọ fóònù náà di ti ọ́fíìsì. Agbanisíṣẹ́ lè béèrè ìwé tàbí ìránṣẹ́ tó jẹ́ ti iṣẹ́, ṣùgbọ́n ẹ̀tọ́ sí àṣírí ṣì bo ìyókù. Ilé-iṣẹ́ náà lè pàdánù pẹ̀lú: bí òṣìṣẹ́ bá lọ, àkọsílẹ̀ ọdún púpọ̀ lè bá a lọ nínú àpótí tí kò sí ẹni tó lè ṣí i. Àpótí ímeèlì tí ọ́fíìsì fúnra rẹ̀ pèsè ń dáàbò bo ìhà méjèèjì.

## Ní àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn

Ẹjọ́ tí a máa ń tọ́ka sí jù lórí ọ̀rọ̀ yìí ni ti Bogdan Bărbulescu, ẹnjiníà tó ń bójú tó ọjà títà fún ilé-iṣẹ́ aládàáni kan ní Bucharest, ní Romania. Agbanisíṣẹ́ rẹ̀ ní kí ó ṣí Yahoo Messenger láti máa dá oníbàárà lóhùn. Ní oṣù Agẹmọ ọdún 2007, ilé-iṣẹ́ náà gba ọ̀rọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan, títí kan èyí tí ó bá arákùnrin rẹ̀ àti àfẹ́sọ́nà rẹ̀ sọ, ó sì lé e kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Ìlànà ilé-iṣẹ́ ti ka lílo kọ̀ǹpútà fún ọ̀rọ̀ ara ẹni léèwọ̀. Ní ọdún 2016, Ilé Ẹjọ́ Ẹ̀tọ́ Ọmọnìyàn ti Yúróòpù kọ́kọ́ dá Romania láre. Ní ọjọ́ 5 oṣù Ọwẹ́wẹ̀ ọdún 2017, ìgbìmọ̀ ńlá ilé ẹjọ́ náà yí ìdájọ́ yẹn padà pẹ̀lú adájọ́ 11 sí 6. Wọ́n ní ìlànà agbanisíṣẹ́ kò lè pa ìgbé-ayé ìkọ̀kọ̀ òṣìṣẹ́ rẹ́ pátápátá, àti pé àwọn ilé ẹjọ́ Romania kò wádìí bóyá a ti sọ fún un tẹ́lẹ̀ pé a lè ka ọ̀rọ̀ rẹ̀.

Ní Bìrìtìkó, níbi tí ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá ti ń ṣiṣẹ́, ilé ẹjọ́ kan náà dá Lynette Copland láre ní ọdún 2007 nítorí pé ilé-ẹ̀kọ́ tó gbà á síṣẹ́ ní Wales ṣọ́ tẹlifóònù, ímeèlì àti íntánẹ́ẹ̀tì rẹ̀ láìsọ fún un. Ní ọdún 2024, àjọ tó ń bójú tó ìwífún níbẹ̀ pàṣẹ fún Serco Leisure láti dáwọ́ lílo àwòrán ojú àti ìtẹ̀ka fún kíka wíwá òṣìṣẹ́ dúró.

Amẹ́ríkà fún agbanisíṣẹ́ láyè jù. Nínú ẹjọ́ Smyth àti Pillsbury ní ọdún 1996, ilé-iṣẹ́ ti ṣèlérí pé òun kò ní fi ímeèlì òṣìṣẹ́ jẹ ẹ́ níyà, síbẹ̀ ilé ẹjọ́ dá ilé-iṣẹ́ láre. Ṣùgbọ́n láti oṣù Èbìbí ọdún 2022, òfin Ìpínlẹ̀ New York ní kí agbanisíṣẹ́ aládàáni fi ìwé sọ fún òṣìṣẹ́ tuntun bí ó bá máa ṣọ́ ímeèlì, tẹlifóònù tàbí íntánẹ́ẹ̀tì rẹ̀.

Ní ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, ECOWAS fọwọ́ sí àdéhùn lórí ààbò ìwífún ara ẹni ní Àbújá ní ọdún 2010. Ghana ṣe òfin tirẹ̀ ní ọdún 2012, Bẹ̀nẹ̀ ṣe òfin lórí ìwífún ní ọdún 2009 kí ó tó kó o wọ inú òfin ẹ̀rọ ayélujára rẹ̀ ní ọdún 2018, Togo sì ṣe tirẹ̀ ní ọdún 2019.

## Bí a ṣe ń wọn ìṣọ́

Láti inú ìdájọ́ Bărbulescu àti òfin Nàìjíríà ọdún 2023, a lè kó àwọn ìbéèrè tí a fi ń wọn ìṣọ́ jọ báyìí:

- Ṣé a ti sọ fún òṣìṣẹ́ tẹ́lẹ̀, ní èdè tó yé e, pé a ó ṣọ́ ọ àti ohun tí a ó ṣọ́?
- Ìdí pàtó wo ni ó wà?
- Ṣé ẹ̀yìn àpò lẹ́tà nìkan ni a ń wò, tàbí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀?
- Ṣé kò sí ọ̀nà mìíràn tí kò wọ inú àṣírí tó bẹ́ẹ̀? Dídí ibùdó kan, fún àpẹẹrẹ, sàn ju kíkọ orúkọ gbogbo ẹni tó wọ̀ ọ́ sílẹ̀.
- Ta ni ó lè rí àkọsílẹ̀ náà, ìgbà wo ni a ó sì pa á rẹ́?
- Kí ni a ó fi ṣe, ṣé òṣìṣẹ́ yóò sì rí i kí a tó fi dá a lẹ́jọ́?

Ìṣọ́ tí ó bá lè dáhùn àwọn ìbéèrè wọ̀nyí sábà máa ń bófin mu, òṣìṣẹ́ sì lè bá a gbé. Èyí tí a ṣe ní ìkọ̀kọ̀, tí ó sì kó gbogbo nǹkan, ni ó ṣòro jù láti gbèjà. Òṣìṣẹ́ tí kò rí ìlànà kankan ní ọ́fíìsì rẹ̀ lè fi ìwé béèrè ohun tí a ń kọ sílẹ̀ nípa rẹ̀. Bí kò bá rí èsì, ó lè kọ̀wé sí NDPC. Títí tí èsì yóò fi dé, kí ó fi ọ̀rọ̀ ìlera, ọ̀rọ̀ ẹbí àti ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ sórí fóònù àti dátà tirẹ̀.